Ìjì àti Ọmọ-Ogun ní Erékùṣù St. Croix

Ní alẹ́ ọjọ́ 17 mọ́jú ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1989, ìjì líle kan tí a sọ ní Hugo kọlu erékùṣù St. Croix ní Òkun Karíbíà. Erékùṣù náà kò tóbi. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí máìlì onígun mẹ́rin 84 lọ, àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ nígbà náà sì tó nǹkan bí 50,000. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé kan tí kò fara gbá nínú ọ̀ràn náà. Páànù òrùlé ti fò lọ, òpó iná mànàmáná ti wó lulẹ̀, wáyà tẹlifóònù ti já, àwọn òkè tí ewé wọn tutù yọ̀yọ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú sì dúró ní ìhòòhò, bí ẹni pé iná ni ó jó wọn. Ẹni tí ó wà ní Christiansted kò mọ bí ará rẹ̀ tí ó wà ní Frederiksted ti sùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó wà ní òkè òkun kò rí ẹni tí wọn yóò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi jáde, ṣùgbọ́n ìròyìn náà kì í ṣe ti ìjì mọ́. Ohun tí àwọn oníwèé ìròyìn Amẹ́ríkà ń sọ ni pé àwọn ará St. Croix ti ya wọ inú ìsọ̀ àti ilé ìtajà, pé wọ́n ń kó ẹrù ẹlẹ́rù ní ọ̀sán gangan, àti pé apá àwọn ọlọ́pàá kò ká wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, Ààrẹ George Bush ti Amẹ́ríkà, èyí tí í ṣe baba nínú àwọn Ààrẹ méjèèjì tí ń jẹ́ orúkọ náà, fi ọwọ́ sí ìkéde kan lábẹ́ òfin tí ó ti wà láti ọdún 1807, òfin tí a ṣe nítorí àtipa ọ̀tẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ológun tí iye wọn lé ní 1,000 sì wọ ọkọ̀ òfurufú, wọ́n kọrí sí erékùṣù náà tìbọn tìbọn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìbéèrè tí ó yẹ kí ènìyàn bèèrè nínú ọ̀ràn yìí kò ṣòro láti sọ, bí ìdáhùn rẹ̀ tilẹ̀ gùn. Báwo ni ìjì ṣe di ọ̀tẹ̀? Ta ni ó dìtẹ̀, ta ni wọ́n sì dìtẹ̀ sí?

Kì í ṣe St. Croix nìkan ni Hugo bá jà. Ó ti kọ́kọ́ ba Guadeloupe àti Montserrat jẹ́, láti St. Croix ó kọjá sí Puerto Rico, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó sì wọ ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà gan-an. Ilé wó ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ènìyàn kú, omi àti iná sì wọ́n. Síbẹ̀ a kò gbọ́ ní South Carolina pé gbogbo ìlú jáde láti kó ìsọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n E. L. Quarantelli, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé ìwádìí nípa àjálù sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ayé pé ohun tí àwọn ènìyàn rò nípa àjálù kì í ṣe òtítọ́. Ó ní bí ilẹ̀ bá ya tàbí tí ìjì bá jà, àwọn ènìyàn kì í sábà di ẹranko sí ara wọn. Aládùúgbò a máa yọ aládùúgbò lábẹ́ àwókù ilé, olè jíjà a sì máa dínkù. Nígbà tí ó gbọ́ ti St. Croix, ó mọ̀ pé èyí yàtọ̀ sí àwọn tí òun ti ń rí, ó sì wádìí rẹ̀. Ohun tí ó rí kò sí nínú ìjì náà. Ó ti wà nílẹ̀ kí ìjì tó dé: olówó àti tálákà jìnnà sí ara wọn púpọ̀, olè wẹ́wẹ́ ti gbilẹ̀ ní ìgboro, àwọn ará ìlú kò sì gbẹ́kẹ̀ lé ọlọ́pàá tiwọn. Àwọn àgbà wa a máa wí pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ìyẹ́ tí ó bo adìyẹ St. Croix mọ́lẹ̀ ni ìjì ká sókè, a kò sì lè mọ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ àfi bí a bá padà sẹ́yìn ní nǹkan bí 250 ọdún.

Ní ọdún 1733 ni àwọn ará Dẹ́nmáàkì ra St. Croix lọ́wọ́ Faransé. Wọ́n ti ní St. Thomas àti St. John tẹ́lẹ̀, ní àríwá ibẹ̀. Ẹgbẹ́ oníṣòwò tí ó rà á náà ni ó ni ilé-olódi Christiansborg ní etí òkun Accra, ilé tí àwọn ará Ghana mọ̀ dáadáa nítorí pé ibẹ̀ ni ìjọba wọn fi ṣe ibùjókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà okùn kan náà ni ó so etí òkun tiwa níhìn-ín pọ̀ mọ́ erékùṣù wọ̀nyí. Nígbà tí ìjọba Akwamu fọ́ ní ọdún 1730 lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, títí kan àwọn ọmọ ọlọ́lá àti jagunjagun, ni a tà fún àwọn ará Dẹ́nmáàkì. Àwọn kan nínú wọn bá ara wọn ní oko St. John, wọ́n ń ro oko tí kì í ṣe tiwọn.

Ọdún 1733 tí a wí yìí jẹ́ ọdún ìyà ní St. John. Ọ̀dá kọ́kọ́ dá, ìjì líle tẹ̀ lé e, kòkòrò sì jẹ ohun tí ó kù lóko. Ẹrú ni ó máa ń gbin oúnjẹ ara rẹ̀ sí ìwọ̀nba ilẹ̀ tí olówó rẹ̀ bá yọ̀ǹda fún un. Nígbà tí ọ̀gbìn náà kú, ebi dé. Àwọn ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í sá wọ inú igbó. Kí ni ìjọba ṣe? Kò ṣí àká, bẹ́ẹ̀ ni kò dín iṣẹ́ kù. Òfin ni Gómìnà Philip Gardelin gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Òfin yìí sọ pé kí a fi irin gbígbóná já ẹran ara olórí àwọn asáko lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó so ó rọ̀. Pé kí a gé ẹsẹ̀ kan àwọn tí ó tẹ̀ lé e, tàbí bí olówó wọn bá ṣàánú wọn, kí a gé etí kan kí a sì nà wọ́n ní 150 pàṣán. Ó sọ pé bí ẹrú bá pàdé aláwọ̀ funfun lọ́nà, kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó sì dúró títí ẹni náà yóò fi kọjá. Ó sì sọ pé bí ìlù alẹ́ bá ti dún, a kò gbọdọ̀ rí ẹrú oko kankan ní ìgboro. Ìlù alẹ́ náà ni ó di òfin kónílé-ó-gbélé ní ayé òde òní, a ó sì tún bá a pàdé ní iwájú.

Oṣù méjì péré lẹ́yìn èyí ni wọ́n rí èsì rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, àwọn ọkùnrin Akwamu kan ru ìdì igi ìdáná wọ inú ilé-olódi tí ó wà ní Coral Bay, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Àdá wà nínú ìdì igi náà. Wọ́n pa àwọn ọmọ-ogun tí ó wà níbẹ̀, wọ́n yin ìbọn ńlá láti fi pe àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì gba apá tí ó pọ̀ jù nínú erékùṣù náà fún oṣù mélòó kan. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì kò lè gbà á padà fúnra wọn. Ọmọ-ogun Faransé láti Martinique ni wọ́n bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀ ní ọdún 1734. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe ìjọba ara wọn fún ìwọ̀nba àkókò yìí ni ó pa ara wọn dípò kí a mú wọn láàyè.

Mo dúró pẹ́ lórí ọ̀ràn yìí nítorí pé àpẹẹrẹ ohun tí yóò máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Àjálù ti ojú ọ̀run wá, ebi tẹ̀ lé àjálù, ìjọba sì fi òfin lé ebi. Ọmọ-ogun sì ti òkè òkun wá parí rẹ̀.

Ní ti St. Croix fúnra rẹ̀, ìrèké ni gbogbo ayé ibẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ ni ó kọ́ ilé àwọn oníṣòwò ní Copenhagen. Ní ọdún 1847 ọba Dẹ́nmáàkì pàṣẹ pé ọmọ tí ẹrú bá bí láti ìgbà náà lọ ti di òmìnira, ṣùgbọ́n kí àwọn òbí rẹ̀ ṣe sùúrù fún ọdún 12 sí i. Àwọn ẹrú kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1848, agogo dún, ìwo dún láti oko dé oko, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti dúró sí iwájú ilé-olódi Frederiksted, wọ́n ń bèèrè òmìnira wọn kí òòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Gómìnà Peter von Scholten dé láti Christiansted, ó sì kéde pé wọ́n ti di òmìnira. Nígbà tí ó padà sí Dẹ́nmáàkì, wọ́n pè é lẹ́jọ́ nítorí ohun tí ó ṣe. Buddhoe, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àwọn ènìyàn tẹ̀ lé ní ọjọ́ náà tí ó sì kó wọn níjàánu kí wọ́n má baà ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ni a fi ọkọ̀ ojú omi gbé kúrò ní ìlú rẹ̀.

Òmìnira dé, ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ti ọdún 1849 tẹ̀ lé e wọlé. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá oko kan ṣe àdéhùn ọdún kan gbáko, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ náà ní ọdún tí ń bọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni ó lè fi oko kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn. A pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tí ó lágbára jù ń gba sẹ́ǹtì 15 lóòjọ́, ẹni kejì 10, ẹni kẹta 5. Bí ó bá pẹ́ dé oko, owó ìtanràn. Bí ó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n. Ọlọ́pàá àti alákòóso oko ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ òmìnira láìka òfin yìí yóò ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ pátápátá.

Àárín àkókò yìí ni ọdún 1867 bọ́ sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Dẹ́nmáàkì àti Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí ìwé pé Amẹ́ríkà yóò ra St. Thomas àti St. John ní mílíọ̀nù dọ́là méje àti ààbọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìjì líle fi bo St. Thomas mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ilẹ̀ mì tìtì, òkun sì ru sókè. Ìgbì rẹ̀ gbé Monongahela, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, ó gbé e ka orí ilẹ̀ ní Frederiksted bí ìgbà tí ọmọdé gbé igbá. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kò fi ọwọ́ sí ìwé náà. Àwọn òpìtàn ń jiyàn lórí iye tí ìjì àti ìmìtìtì ilẹ̀ kó nínú ìpinnu wọn, nítorí pé ìjà òṣèlú tiwọn náà wà níbẹ̀. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé erékùṣù náà, pẹ̀lú àwókù rẹ̀, padà sọ́wọ́ olówó àtijọ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1878, ọjọ́ àdéhùn yẹn gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ pé sí Frederiksted gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Inú ti ń bí wọn. Ìròyìn kan sì tàn kálẹ̀ láàrin wọn pé ọlọ́pàá ti lu òṣìṣẹ́ kan pa nínú àtìmọ́lé. Láti ibẹ̀ iná ràn. Wọ́n jó ọ̀pọ̀ nínú ìlú Frederiksted, wọ́n sì jó nǹkan bí 50 oko ìrèké pẹ̀lú ilé ìfúnrèké wọn. Àwọn obìnrin ni ó wà ní iwájú: Mary Thomas, Agnes àti Mathilda, àwọn tí ìlú fi oyè ayaba dá lọ́lá títí di òní. Ìjọba Dẹ́nmáàkì gbé ilé-ẹjọ́ ológun kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa 12 nínú àwọn tí wọ́n mú. Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tí ó tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti kú lójú ìjà kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kó àwọn ayaba náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Copenhagen. Ère ayaba Mary tí ó jókòó lórí àga pẹ̀lú iná ní ọwọ́ kan àti àdá ìrèké ní ọwọ́ kejì ni a gbé kalẹ̀ ní Copenhagen náà ní ọdún 2018, ní iwájú ilé tí wọ́n ti ń kó ṣúgà pa mọ́ rí. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì kò rántí, bí ó tilẹ̀ gbà wọ́n ní 140 ọdún.

Ní ọdún 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Amẹ́ríkà bẹ̀rù kí Jámánì má gba erékùṣù wọ̀nyí fi ṣe ibùdó ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Wọ́n san mílíọ̀nù dọ́là 25, ní wúrà, St. Croix pàápàá sì wà nínú ọjà náà ní àkókò yìí. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì dìbò lórí títà náà ní ilẹ̀ wọn. Kò sí ìbò àṣẹ kankan fún àwọn tí a ń tà. Ọ̀gágun ojú omi ni Amẹ́ríkà fi jẹ gómìnà lé wọn lórí títí di ọdún 1931, ọdún tí Ààrẹ Hoover bẹ̀ wọ́n wò tí ó sì sọ ní gbangba pé ilé àwọn òtòṣì ni Amẹ́ríkà rà. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ará ibẹ̀ dé ọkàn, ó sì yẹ kí ó dùn wọ́n. Ọdún 1970 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi ìbò yan gómìnà tiwọn. Títí di òní, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n, síbẹ̀ bí wọ́n bá ń gbé ní erékùṣù wọn, wọn kò lè dìbò yan Ààrẹ. Aṣojú tí wọ́n rán lọ sí Washington sì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìbò nígbà tí àwọn aṣòfin bá ń fọwọ́ sí òfin. Orúkọ wọn wà nínú ìwé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láàrin àwọn ilẹ̀ tí kò tíì ṣe ìjọba ara wọn.

Nínú àwọn ọdún 1960, ìrèké parí ní St. Croix, epo rọ̀bì sì rọ́pò rẹ̀. Ilé ìfọpo ńlá kan dìde ní etí òkun gúúsù, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù ní ayé nígbà tí ó yá. Hótẹ́ẹ̀lì pọ̀, ilé ìtajà pọ̀. Àwọn ènìyàn tí kò ju nǹkan bí 15,000 lọ ní ọdún 1960 ti di nǹkan bí 50,000 ní ogún ọdún lẹ́yìn náà. Wọ́n wá láti Antigua, láti St. Lucia, láti Nevis, láti Puerto Rico. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá láti erékùṣù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a fún ní ìwé àṣẹ tí ó so wọ́n mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ọkọ̀ ni. Ẹni tí ó bá rántí òfin ọdún 1849 yóò mọ irú àdéhùn tí èyí jọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò gba àwọn ọmọ wọn, àfi ìgbà tí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1970. Ní òdìkejì ni àwọn aláwọ̀ funfun tí ó ti ilẹ̀ ńlá Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n ra etí òkun tí ó dára jù, tí wọ́n sì mọ odi yí i ká. Ìbínú ti ń ru lábẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1972, àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n di ìhámọ́ra ya wọ pápá gọ́ọ̀fù àwọn olówó kan, wọ́n sì pa ènìyàn mẹ́jọ. Ìpànìyàn ni, kò sì sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ojú tí olówó fi ń wo tálákà ní erékùṣù náà, àti ojú tí ọlọ́pàá fi ń wo ọ̀dọ́, ti yí padà sí búburú.

Irú ilẹ̀ tí Hugo bà lé nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìkógun náà dáadáa, nítorí pé àwọn tí ó ròyìn rẹ̀ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn kò fi ara balẹ̀ yà á sọ́tọ̀. Quarantelli rí i pé ẹgbẹ́ mẹ́ta ni ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ti ń jalè tẹ́lẹ̀. Wọn kò wá oúnjẹ, ohun olówó iyebíye ni wọ́n ń wá. Nígbà tí kò sí ẹni tí ó dí wọn lọ́nà, àwọn mìíràn tí wọn kì í ṣe olè paraku tẹ̀ lé wọn. Àwọn kẹta, tí ó sì pọ̀ jù, ni àwọn ará ìlú lásán, bàbá àti ìyá ọlọ́mọ, tí wọ́n wo òkun tí wọn kò rí ọkọ̀, tí wọ́n tẹ́tí tí wọn kò gbọ́ ohùn ìjọba, tí wọ́n sì gbà pé oúnjẹ tí ó wà nínú ilé ìtajà nìkan ni oúnjẹ tí ó kù láyé. Àwọn wọ̀nyí kó mílíìkì, wọ́n kó omi, wọ́n kó ìledìí ọmọ. Ó sì rí i pé wọn kò fọ́ ilé onílé, wọn kò fọwọ́ kan ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn. Ogunlọ́gọ̀ tí orí rẹ̀ dàrú kì í yan ibi tí yóò wọ̀. Àwọn wọ̀nyí yàn.

A kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dára. Oníṣòwò kékeré tí ó fi ogún ọdún kó ìsọ̀ rẹ̀ jọ, tí ìjì mú òrùlé rẹ̀ lọ ní òru tí àwọn aládùúgbò sì kó inú rẹ̀ ní òwúrọ̀, kò ní rí ìtùnú kankan nínú ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n níbo ni ọlọ́pàá wà? Ìjì ti wó ilé àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn, púpọ̀ nínú wọn sì wà nídìí ẹbí wọn. Ìyẹn ni a lè forí jì. Èyí tí kò ní àforíjì ni ohun tí àwọn tí ó fojú rí i ròyìn: pé a rí nínú àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọmọ-ogun ìbílẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù pẹ̀lú àwọn yòókù. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan sì ti jáde kúrò lẹ́wọ̀n. Gómìnà Alexander Farrelly, tí ó wà ní St. Thomas ní ìkọjá òkun, kọ́kọ́ sọ pé wọ́n ti bù mọ́ ìròyìn náà jù. Ààlà omi tí ó wà láàrin òun àti St. Croix fẹ̀ tó 40 máìlì, tẹlifóònù kò sì ṣiṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó gba ohun tí ó sọ gbọ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà dé, ọ̀pọ̀ ará ìlú yọ̀ mọ́ wọn, dúdú àti funfun. Ó yẹ kí a sọ èyí gbangba, nítorí pé àwọn kan fẹ́ràn láti ròyìn ọ̀ràn yìí bí ẹni pé ọ̀tá ni ó wọ ìlú. Ọmọ-ogun náà ṣọ́ òpópónà, wọ́n fi òfin kónílé-ó-gbélé múlẹ̀, wọ́n ṣí ọ̀nà tí igi wó dí, àwọn ológun sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbé omi àti oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Kò sí ẹgbẹ́ ọ̀tẹ̀ kankan tí wọ́n bá jà, nítorí pé kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbé àsíá sókè tàbí tí ó fẹ́ lé gómìnà kúrò. Ẹnì kan ní Washington ni ó wo inú ìwé òfin, tí ó ń wá ọ̀nà tí a lè gbà rán ológun lọ ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ tí ó sì wà nínú ìwé náà nílẹ̀ ni ọ̀tẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti lágbára tó. Bí a bá ti pè é ní ọ̀tẹ̀, ohun tí a ó kọ́kọ́ kà ni iye ọmọ-ogun. Bí a bá ti pè é ní ebi, ohun tí a ó kọ́kọ́ kà ni iye àpò ìrẹsì. Ìjọba lè ka méjèèjì, wọ́n sì kà wọ́n méjèèjì ní St. Croix; ṣùgbọ́n èwo ni orúkọ rẹ̀ wọ inú ìkéde Ààrẹ? Bẹ́ẹ̀ náà ni Gardelin ṣe ní ọdún 1733, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó gé etí ẹnikẹ́ni ní ọdún 1989.

Ní ọdún 2017 ìjì méjì tún dé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Irma ba St. Thomas àti St. John jẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án. St. Croix bọ́ nínú rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé omi àti oúnjẹ lọ fún àwọn arákùnrin wọn. Ní òru ọjọ́ 19 mọ́jú ọjọ́ 20, Maria dé bá St. Croix fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tí wọ́n ní bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi níláti fi ọkọ̀ òfurufú gbé àwọn aláìsàn lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òfin kónílé-ó-gbélé tún wà, ìlù alẹ́ tún dún. Ìkógun irú ti ọdún 1989 kò tún ṣẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n, àwọn ọmọ wọn sì ni. Ó yẹ kí èyí pa àwọn tí ó sọ pé ìwà wọn ni lẹ́nu mọ́.

Ilé ìfọpo ti kógbá wọlé ní ọdún 2012, iṣẹ́ tí ó tó nǹkan bí 2,000 sì bá a lọ. Àwọn olówó mìíràn rà á, wọ́n sì tún un ṣí ní oṣù kejì ọdún 2021. Ní St. Croix, omi òjò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mu: òjò yóò rọ̀ sórí òrùlé, yóò gba ọ̀pá ṣàn wọ inú táńkì ńlá tí a kọ́ sí abẹ́ ilé, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á mu tí wọ́n sì fi ń se oúnjẹ. Ní oṣù tí ilé ìfọpo náà ṣí gan-an, kíkán epo tú sínú afẹ́fẹ́ láti inú rẹ̀, ó sì bọ́ sórí òrùlé àwọn tálákà tí ń gbé ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Òjò fọ̀ ọ́ wọ inú táńkì wọn. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Òórùn rẹ̀ mú kí orí máa fọ́ àwọn ènìyàn, kí èébì sì máa gbé wọn, wọ́n sì ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó àyíká pàṣẹ pé kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Ní oṣù keje, àwọn tí ó ni ilé ìfọpo náà lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n sọ pé àwọn ti wọ gbèsè, ẹni tí táńkì rẹ̀ sì ti bàjẹ́ bọ́ sórí ìlà pẹ̀lú àwọn olówó-èlé, ó ń dúró de owó tí yóò fi fọ̀ ọ́.